Àròkọ Aṣàlàyé: Ètò Ààbò àti Ìtọ́jú Yàrá Ìwádìí ní Yunifásítì

Àròkọ aṣàlàyé ni àròkọ tí a fi ń la ọ̀rọ̀ yé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Kì í ṣe ìtàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn lè wọ inú rẹ̀. Kì í ṣe àpèjúwe lásán, kì í sì í ṣe àríyànjiyàn. Bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, ìdí tí ó fi ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àti ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ni ó ń sọ. Nínú gbogbo irú àròkọ tí WAEC àti NECO máa ń fi síwájú akẹ́kọ̀ọ́, èyí ni ọ̀pọ̀ ń sá fún jù, nítorí pé òwe àti àdúrà kò lè gbé e ró bí ó ti lè gbé àwọn yòókù.

Orí-ọ̀rọ̀ tí a ó lò nínú ẹ̀kọ́ yìí ni èyí:

Ṣàlàyé bí ó ṣe yẹ kí a máa ṣètò ààbò àti ìtọ́jú yàrá ìwádìí ní Yunifásítì.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní Ìfisìn-Èkìtì lè wí pé, “Kí ni èmi mọ̀ nípa Yunifásítì?” O mọ̀ ju bí o ti rò lọ. Ìdó-Èkìtì kò jìnnà sí ọ, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ sì wà níbẹ̀. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2011 wà ní Ọ̀yẹ́, ó sì ní ọgbà kejì ní Ìkọ̀lé. Pẹ̀lúpẹ̀lù, yàrá sáyẹ́ǹsì ilé-ẹ̀kọ́ rẹ, bí ó ti wù kí ó kéré tó, ní tápù, ó ní ìgò ásíìdì, ó sì ní ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Kí o tó fi bírò kan ìwé, bi ara rẹ ní ìbéèrè mẹ́ta péré: Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Níbo ni omi ti ń wá? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí iná mànàmáná bá lọ lójijì? Ẹni tí ó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ní ìdajì àròkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀nà kan wà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń gbà ba irú àròkọ yìí jẹ́. Wọn a to òfin jọ: má jẹun níbẹ̀, má mu omi níbẹ̀, má sáré, má fọwọ́ nu ojú. Èyí kì í ṣe àròkọ. Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri ni. Òfin tí a kò sọ ìdí rẹ̀ kò la nǹkan kan yé ẹnikẹ́ni. Tún wo orí-ọ̀rọ̀ náà dáadáa: kò sọ pé kí o sọ ewu tí ó wà ní yàrá ìwádìí. Bí a ṣe ń ṣètò ni ó bèèrè. Ọ̀rọ̀ náà gan-an ni “ètò,” ìyẹn ni bí ẹni púpọ̀ tí iṣẹ́ wọn kò jọra ṣe lè ṣe é kí iṣẹ́ ọ̀kan má baà di ikú fún èkejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá di gbólóhùn yìí mú kò ní ṣìnà.

Fún ìlapa èrò, mo mú nǹkan mẹ́rin tí ó jẹ mọ́ ilé fúnra rẹ̀ (iná, omi, ilẹ̀kùn, pàǹtí), mo mú ìtàn méjì tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, mo sì parí rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ka àròkọ náà lẹ́ẹ̀kan láìdúró, kí o tó wá ka àkíyèsí tí ó tẹ̀lé e.

ÀRÒKỌ ÀPẸẸRẸ

Yàrá ìwádìí ni ibi tí àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì ti ń dán nǹkan wò kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Ásíìdì wà níbẹ̀, gáàsì wà níbẹ̀, iná wà níbẹ̀, kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí sì lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Olúkúlùkù nǹkan wọ̀nyí ni ó ní ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n mọ kòkòrò àrùn tí ó ń wádìí, oníná mọ wáyà, púlọ́ḿbà mọ páìpù, ọlọ́dẹ mọ kọ́kọ́rọ́, agbálẹ̀ sì mọ ibi tí pàǹtí ń lọ. Níbi tí ewu gbé wà ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ tirẹ̀, kò sì mọ ti ẹnìkejì rẹ̀. Iṣẹ́ alábòójútó ààbò ni láti so ìmọ̀ gbogbo wọn pọ̀.

A ó bẹ̀rẹ̀ láti orí iná mànàmáná, nítorí pé òun ni ó ń yọ wá lẹ́nu jù ní orílẹ̀-èdè yìí. Ní yàrá kẹ́mísírì, àpótí ńlá kan wà tí ó ní gíláàsì níwájú, tí fáànù sì wà lókè rẹ̀. Inú àpótí yìí ni a ti ń po àwọn oògùn tí èéfín wọn lè pa ènìyàn. Fáànù náà a sì máa fa èéfín gba inú páìpù jáde sí òkè òrùlé. Bí iná bá lọ, fáànù dúró. Èéfín tí ó ti ń jáde lọ yóò wá padà sí ojú àti imú ẹni tí ó dúró níwájú àpótí. Nítorí náà, ohun tí ẹni náà yóò kọ́kọ́ ṣe ni pé kí ó fa gíláàsì náà wá sílẹ̀, kí ó pa iná gáàsì tí ó fi ń se nǹkan, kí ó sì jáde. Kò gbọdọ̀ dúró de jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tan jẹnẹrétọ̀ náà? Bí ẹni tí ń tan án bá wà ní ẹ̀yìn ọgbà, tí kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un pé àpótí elééfín ń ṣiṣẹ́ ní ilé kẹ́mísírì, ọ́fíìsì Gíwá ni yóò kọ́kọ́ fún ní iná.

Ìpadàbọ̀ iná ní ewu tirẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo wa ni a mọ bí áyọ́ọ̀nù tí a gbàgbé nígbà tí iná lọ ṣe ń jó aṣọ, tí í sì í jó ilé, nígbà tí iná bá dé lóru. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀rọ ìgbónáná tí a gbé oògùn kà lórí ní yàrá ìwádìí. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti lọ sílé, yóò ti sùn. Iná yóò dé ní agogo méjì òru, ẹ̀rọ náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ètò tí ó dára ni pé, bí iná bá ti lọ, kí a pa gbogbo nǹkan láti ibi súìṣì, àyàfi ẹ̀rọ amú-nǹkan-dì. Ìyẹn ni kí a fi sílẹ̀, kí a má sì ṣí i, nítorí pé bí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá wà ní títì, òtútù inú rẹ̀ lè tó wákàtí púpọ̀ kí ó tó lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹnu kan fíríìjì bákan náà. Nítorí àìtó owó, àwọn kan a máa ra fíríìjì irú èyí tí a ń lò ní ilé, wọn a sì tọ́jú oògùn tí ń yára gbiná sínú rẹ̀. Nínú fíríìjì ilé, ohun kan wà tí ń tan ẹ̀rọ náà tí ó sì ń pa á fúnra rẹ̀, iná kékeré a sì máa ṣẹ́ níbẹ̀ nígbà tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ooru oògùn náà bá ti kún inú fíríìjì, iná kékeré yẹn tó láti mú kí ó bú gbàmù. Ẹni tí ó rà á mọ iye tí ó rà á. Ẹni tí ó mọ oògùn kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń rà á.

Omi ni ó tẹ̀lé e. Bí ásíìdì bá ta sí ènìyàn lójú, omi ni ìtọ́jú àkọ́kọ́, kì í ṣe oògùn. Ìṣẹ́jú 15 gbáko ni omi gbọ́dọ̀ fi máa ṣàn sí ojú náà láìdáwọ́ dúró. Tápù ìfọjú tí a ṣe fún iṣẹ́ yìí ń tú omi tí ó tó lítà kan àti ààbọ̀ jáde ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ojú ẹnì kan yóò gba lítà 22 àti ààbọ̀, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kẹ́ẹ̀gì 25. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ara ni ásíìdì dà sí, abẹ́ ṣáwà ni a ó sáré gbé ẹni náà lọ, ṣáwà yìí sì gbọ́dọ̀ tú lítà bí 75 jáde ní ìṣẹ́jú kan. Lítà 75 ní ọ̀nà 15 jẹ́ lítà 1,125. Èyí fi hàn pé tánkì onílítà 1,000 tí a gbé sí orí òrùlé, bí ó tilẹ̀ kún dẹ́nu, yóò gbẹ kí ìṣẹ́jú 15 tó pé. Bí ó bá sì jẹ́ pé tánkì kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń fọ ife ìwádìí, tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń fọ mọ́tò, ẹni tí ásíìdì dà sí yóò dé ibẹ̀, yóò sì bá tápù tí ń súfèé. Nítorí náà, tánkì ti pàjáwìrì gbọ́dọ̀ dá dúró, kí á sì máa ṣí tápù rẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀.

Ní ti ilẹ̀kùn, ìjà ni ó máa ń wà láàárín ọlọ́dẹ àti panápaná. Ẹ̀rọ inú yàrá ìwádìí wọ́n, olè sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí ni ó fi jẹ́ pé irin bọ́gílà ni a fi ń dí gbogbo fèrèsé, tí a sì ń fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa. Ohun tí ó sé olè mọ́ ìta yóò sé akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ inú. Bí iná bá sọ nítòsí ilẹ̀kùn iwájú, tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìn sì wà lápò ọlọ́dẹ tí ó lọ jẹun, kí ni àwọn tí ó wà nínú ilé yóò ṣe? Ilẹ̀kùn kan wà tí a lè ṣí láti inú láìlo kọ́kọ́rọ́ rárá, ṣùgbọ́n tí ẹni tí ó wà níta kò lè ṣí. Irú rẹ̀ ni ó yẹ kí ó wà ní ẹ̀yìn, kí bọ́gílà kan ó kéré tán sì jẹ́ èyí tí ó ń ṣí. Ọlọ́dẹ kò ní mọ èyí fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ni yóò jókòó tì í tí yóò ṣàlàyé fún un.

Agbálẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ wọ yàrá ní òwúrọ̀, òun náà ni a sì ń gbàgbé jù. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá da ásíìdì tí ó lò kù sínú síǹkì ní ìrọ̀lẹ́, tí agbálẹ̀ sì da Jíìkì lé e ní òwúrọ̀ kí síǹkì lè mọ́, gáàsì kan yóò jáde tí ń jẹ́ klórínì. Gáàsì yìí ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn ní ọdún 1915 nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń jẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ṣe ibi, agbálẹ̀ kò ṣe ibi. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé inú ìgò pàǹtí ni ásíìdì ń lọ, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún agbálẹ̀ ohun tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Àwọn kan lérò pé ẹni tí ń fọwọ́ kan ewu nìkan ni ewu ń bá. Ìtàn ibà Lassa fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1969, nọ́ọ̀sì kan tí ń ṣe iṣẹ́ míṣọ́nnárì ní ìlú Lassa, ní apá àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ṣàìsàn. Wọ́n gbé e lọ sí Jọ́ọ̀sì, ó sì kú. Nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀ kú tẹ̀lé e. Nọ́ọ̀sì kẹta, Penny Pinneo, ni àìsàn náà tún kọlù. Wọ́n gbé e lọ sí New York, ó sì yè. Ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn yìí dé yàrá ìwádìí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, níbi tí Dókítà Jordi Casals àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí kòkòrò àrùn tuntun kan. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Casals fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀. Omi ara ẹ̀jẹ̀ Pinneo, tí ó ti gbádùn, ni wọ́n fà sí i lára, òun náà sì yè. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá, òṣìṣẹ́ Yale mìíràn kú. Ọkùnrin yìí kò bá wọn ṣe iṣẹ́ kòkòrò Lassa rárá. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni ó ń ṣe nínú ilé kan náà. Kò sí ẹni tí ó rí ọ̀nà tí àrùn náà gbà dé ara rẹ̀. Yale dá iṣẹ́ náà dúró, wọ́n sì kó kòkòrò náà lọ sí Atlanta, níbi tí ilé tí a kọ́ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbé wà. Ní Jọ́ọ̀sì, Dókítà Jeanette Troup tí ó ti tọ́jú àwọn nọ́ọ̀sì náà gé ara rẹ̀ níka níbi tí ó ti ń yẹ òkú wò, ó sì kú ní oṣù kejì ọdún 1970. Àrùn yìí kan náà ni ó ń kó ènìyàn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀, tí kò jìnnà sí wa.

Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún yani lẹ́nu ju èyí lọ. Ìgbóná ni, àrùn tí àwọn àgbà wa kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ ní gbangba. Ẹni tí ó kó o kẹ́yìn láti ìta ni ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Sòmálíà, ní oṣù kẹwàá ọdún 1977. Ayé ti ń múra àtijó. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń fi kòkòrò ìgbóná ṣe ìwádìí ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Birmingham. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ fún wọn pé yàrá náà kò tó ohun tí a lè máa fi irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n sì ti pinnu pé wọn yóò tì í nígbà tí ọdún 1978 bá parí. Janet Parker jẹ́ ayafọ́tò ní ilé náà. Kì í ṣe onísáyẹ́ǹsì, kò sì bá wọn wọ yàrá náà. Àjà tí ó wà lókè rẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀ wà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1978, ara rẹ̀ gbóná, ara rẹ̀ sú. Ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án. Òun ni ẹni ìkẹyìn tí ìgbóná pa ní gbogbo ayé. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn sọ pé ó ṣeé ṣe kí kòkòrò náà ti gba ihò tí àwọn páìpù gbà kọjá láti àjà kan dé èkejì. Ilé-ẹjọ́ tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 1979 kò rí ẹ̀rí tí ó tó, ó sì dá Yunifásítì náà láre. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ayafọ́tò ni ó kú.

Ta ni yóò wá máa ṣètò gbogbo rẹ̀? Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, nítorí pé ìwádìí rẹ̀ ni ó wà lọ́kàn rẹ̀; kì í sì í ṣe ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ àtúnṣe, nítorí pé kò mọ ohun tí ó wà nínú ìgò. Alábòójútó ààbò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó lè bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀, tí ó sì ní àṣẹ láti ti yàrá pa. Àṣẹ yìí ni ó ṣe pàtàkì jù. Ní oṣù kejìlá ọdún 2008, ní Yunifásítì ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà, oògùn kan tí ń gbiná bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án tú sí ọmọbìnrin ẹni ọdún 23 kan lára. Kò wọ kóòtù ààbò. Súwẹ́tà ọ̀rá ni ó wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì jó mọ́ ọn lára. Ó kú ní oṣù tí ó tẹ̀lé e. Nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú, àwọn tí ń yẹ ààbò wò ti dé yàrá náà, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kì í wọ kóòtù. Wọ́n rí i, wọ́n kọ ọ́. Wọn kò ti yàrá náà.

Alábòójútó tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í jókòó sí ọ́fíìsì. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ó kéré tán, yóò pe oníná, púlọ́ḿbà, ọlọ́dẹ, agbálẹ̀, òṣìṣẹ́ yàrá ìwádìí àti ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́, wọn yóò sì jọ rìn yí ilé náà ká. Wọn yóò ṣí tápù ìfọjú. Wọn yóò wo bóyá ọwọ́ aago ara agolo ìpaná wà lórí àwọ̀ ewé. Wọn yóò wo bóyá a fi ṣéènì de sílíńdà gáàsì mọ́ ògiri, nítorí pé sílíńdà tí ó bá ṣubú tí orí rẹ̀ sì kán yóò fò bí ọta ìbọn. Wọn yóò ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láti inú, láìlo kọ́kọ́rọ́. Alábòójútó yóò mú ìwé ńlá kan dání, tí a fa ìlà mẹ́rin sí: ohun tí ó bàjẹ́, ọjọ́ tí a rí i, ẹni tí yóò tún un ṣe, àti ọjọ́ tí a tún un ṣe. Ìlà kẹrin ni Gíwá gbọ́dọ̀ máa kọ́kọ́ wò nígbà tí ìwé náà bá dé orí tábìlì rẹ̀.

ÀKÍYÈSÍ

Àròkọ yìí gùn ju èyí tí a ó ní kí o kọ nínú ìdánwò lọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, kí o lè rí ohun tí o ó yàn nínú rẹ̀. Bí àkókò kò bá tó, mú nǹkan méjì nínú mẹ́rin tí ó jẹ mọ́ ilé, mú ìtàn kan, kí o sì sọ ọ̀rọ̀ alábòójútó. Má ṣe gé díẹ̀díẹ̀ lára gbogbo rẹ̀. Ohun tí o bá mú, jẹ́ kí ó kún.

Wo bí mo ṣe lo nọ́ńbà. N kò wí pé “omi púpọ̀ ni a nílò”. Mo ṣírò rẹ̀. Lítà 75 ní ọ̀nà 15 kò ju ìṣirò àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, síbẹ̀ òun ni àwọn tí ń máàkì ìwé yóò rántí, nítorí pé ó jẹ́ kí wọ́n fi ojú inú rí tánkì tí ó ń gbẹ. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí kò dá ọ lójú, fi í sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ pé ìdá bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún yàrá ìwádìí ni ó ń jóná lọ́dọọdún, tí kò sì lè sọ ibi tí ó ti rí i, irọ́ ni ó pa.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ Birmingham. Ì bá rọrùn láti kọ ọ́ pé inú ihò páìpù ni ìgbóná gbà dé ara Janet Parker. Ó dùn ún gbọ́, ọ̀pọ̀ ni ó sì ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kan sọ̀rọ̀, ilé-ẹjọ́ kan sọ̀rọ̀, ohùn wọn kò sì ṣọ̀kan. Iṣẹ́ tìrẹ ni láti sọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wí. “Ó ṣeé ṣe,” “wọ́n gbà pé,” “kò sí ẹni tí ó rí ọ̀nà”: kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojo ni wọ̀nyí nínú àròkọ aṣàlàyé.

Mo ní ìtàn mìíràn lọ́wọ́ tí n kò fi sínú rẹ̀. Ní Yábàá, ní Èkó, àwọn dókítà tí àjọ Rockefeller rán wá ń ṣe ìwádìí lórí ibà pọ́njú ní àwọn ọdún 1920. Ọ̀kan nínú wọn, Adrian Stokes, kó àrùn náà, ó sì kú ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1927. Hideyo Noguchi, ọmọ ilẹ̀ Jàpáànù, kú nípa rẹ̀ ní Àkárà ní oṣù karùn-ún ọdún 1928, dókítà tí ó bá a ṣiṣẹ́, William Young, sì kú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Kòkòrò tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast ni a padà fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ń gbà títí di òní. Ìtàn ńlá ni, ó sì ṣẹlẹ̀ ní ilé wa. Kí ni ó dé tí mo fi í sílẹ̀? Àwọn dókítà wọ̀nyẹn ń wá ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ rí ni. Àìmọ̀ ni ó pa wọ́n. Orí-ọ̀rọ̀ tiwa bèèrè ètò, ìyẹn ni ohun tí a ti mọ̀ ṣùgbọ́n tí a kò sọ fún ara wa. Ìtàn tí ó dára ṣùgbọ́n tí kò dáhùn ìbéèrè, ẹrù wúwo lásán ni.

Ní ti ọ̀rọ̀ lílò: má bẹ̀rù ọ̀rọ̀ àyálò tí gbogbo ènìyàn ń lò. Tápù, síǹkì, tánkì, ásíìdì, gáàsì àti jẹnẹrétọ̀ ti di ti wa. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa jókòó tí yóò máa wá ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ fún síǹkì títí àkókò yóò fi tán. Ohun tí kò bá ní orúkọ tí o mọ̀, ṣe àpèjúwe rẹ̀ kí o tó lò ó, bí mo ti ṣe fún àpótí elééfín: mo sọ gíláàsì iwájú, mo sọ fáànù òkè, mo sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Lẹ́yìn èyí, orúkọ yòówù tí o bá pè é, a ó yé ara wa.

Ó ku òwe. Mo mọ̀ pé bí a bá ti ní “ètò” àti “ọ̀pọ̀ ènìyàn,” ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti máa yún un láti kọ àgbájọ ọwọ́. Ìwé tí mo ti máàkì tí ó ní òwe yẹn nínú kò lóǹkà. N kò sọ pé kò dára. Mo ní kí o kọ́kọ́ sọ ohun tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe.

IṢẸ́ ṢÍṢE

1. Lọ sí yàrá sáyẹ́ǹsì ilé-ẹ̀kọ́ rẹ pẹ̀lú àṣẹ olùkọ́. Kọ orúkọ iṣẹ́ (kì í ṣe orúkọ ènìyàn) gbogbo àwọn tí ń wọ ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan, àti ohun kan tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ̀ tí àwọn yòókù kò mọ̀.

2. Ẹ̀rọ amú-nǹkan-dì kan ní ẹ̀jẹ̀ aláìsàn nínú. Iná lọ ní agogo mẹ́wàá òru ọjọ́ Sátidé. Kọ ìpínrọ̀ méjì tí yóò ṣàlàyé ẹni tí ó yẹ kí ó mọ̀, bí yóò ṣe mọ̀, àti ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe.

3. Tánkì kan gba lítà 2,000. Ṣáwà pàjáwìrì ń lo lítà 75 ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú mélòó ni yóò fi ṣiṣẹ́ bí tánkì bá kún dé ìdajì? Fi ìdáhùn rẹ sínú gbólóhùn kan tí ó lè wọ inú àròkọ.

4. Kọ àròkọ lórí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí: (a) Ètò ààbò ní ilé epo pẹtiróòlù, (b) Ìtọ́jú yàrá oògùn ní ilé ìwòsàn ìlú rẹ, (d) Bí a ṣe ń bójú tó ilé ìdáná níbi ìnáwó ńlá.